Ẹni Tó Ni Ohùn

Nígbà tí Adékọ̀yà jáde láti inú yàrá ohùn, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ta Màmá Mọrádékẹ́ lólobó nìyẹn. Ta ni kò mọ Adékọ̀yà ní ìlú Kọ́bẹ́ẹ̀tì? Ọkùnrin tó fi tírélà jẹun títí ẹ̀rọ fi gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì tíì dárí ji ẹ̀rọ kankan láti ọjọ́ náà, títí kan ẹ̀rọ tó ń po kọfí. Láti ìgbà òtútù ló ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ Yorùbá ìlú náà pé kí wọ́n má gba Àbá Kẹsàn-án, àbá òfin kan tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọlé lọ bá ẹ̀rọ kó tẹ̀rín-tẹ̀rín jáde.

Orí bẹ́ǹṣì ni màmá jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré orí yìnyín nígbà tí òtútù ìpínlẹ̀ Támáráàkì ṣì lágbára láti mú yìnyín dì. Ọ̀já búlúù kan wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin ló ní kó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé lọ dìbò lè fojú ara wọn rí i pé ohùn tí wọ́n fẹ́ lọ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ìdìbò ní ẹni tó ni ín, pé kì í ṣe iwin ló ń sọ̀rọ̀.

Adékọ̀yà bọ́ fìlà, ó sì na ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín. Kí ni mo ṣe tó o fi ń dúpẹ́?"

"Bẹ́ ẹ ṣe kí mi níbẹ̀ yẹn ni. Ẹ pè mí ní Àkànjí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Èmi kọ́ ni mo kí ọ, Adékọ̀yà. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ náà ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni."

Màmá wò ó dáadáa. "Àbá Kẹsàn-án ńkọ́? O dà á nù, àbí?"

Ọkùnrin náà wo bàtà ara rẹ̀. "Mo gbà á, mà."

"O gbà á! Ìwọ?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹ kí mi tán, ẹ bèèrè orókún mi tó ń dùn mí, ẹ wá ń bẹ̀ mí pé kí n gbà. Ṣé kí n wá dúró síwájú àgbà kí n máa sọ pé rárá, rárá, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé? Mo ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Mo ní ẹ ti ní láti rò ó wò dáadáa kẹ́ ẹ tó máa bẹ irú èmi yìí."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì jáde síta lọ bá àwọn tó ń kọrin nínú oòrùn. Màmá Mọrádékẹ́ fi ọwọ́ di ọ̀já ọrùn rẹ̀ mú. Orókún wo? Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé orókún ń dun Adékọ̀yà? Òun mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orókún yẹn ni òun àti ọmọ òun sọ lórí fóònù lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun kò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ.

Yàrá kékeré kan ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mú un lọ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká. Ó ka orúkọ àwọn tó ń díje. Ó ka àwọn àbá òfin láti ìkínní dé ìkẹtàlá. Ó ní "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní "Ẹ káàsán o," ó ní "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o." Wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n sì dúpẹ́. Kò sí oríkì níbẹ̀, kò sí orókún, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ló bèèrè fún ìkíni. Nígbà ìdìbò tó ṣáájú, ohùn àjèjì kan ló wà nínú ẹ̀rọ, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń sọ pé "Dáhùn!" bí ọlọ́pàá. Inú bí àwọn àgbà débi pé àwọn kan yíjú padà sílé láìdìbò. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn. Gbádébọ̀, ọmọ bíbí inú Mọrádékẹ́, ló dìde lọ́jọ́ náà tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun, òun á rí sí i pé ẹ̀rọ náà kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Gbogbo ilé ṣàtẹ́wọ́ fún un, ìyá rẹ̀ náà sì ṣàtẹ́wọ́. Bóyá ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní ọmọ yìí yẹ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òun náà rèé lónìí, tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Adágún nínú ìdìbò abẹ́lé tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń dì.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Màmá dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì lọ bá Míísì Hálfọsìn níbi tábìlì.

Obìnrin òyìnbó náà ni olórí ibùdó ìdìbò. Ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, títí kan ohun tí kò dùn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà létí rẹ̀ tó ń sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì fún un, èyí tó wà létí màmá sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá. Àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní láti fi èdè ẹnì kejì ta ahọ́n ara rẹ̀ lókò.

"Màmá, ẹ kú orí ire o," ni Hálfọsìn wí. "Àwọn èèyàn yín mọ bí wọ́n ṣe ń fohùn ṣọ̀kan o. Ẹ wo pátákó."

Pátákó ńlá kan wà lára ògiri níbi tí wọ́n ti ń ka góòlù nígbà kan rí. Àwòrán ìpínlẹ̀ Támáráàkì ló kún inú rẹ̀, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀. Lórí Àbá Kẹsàn-án, àwọn tó gbà àti àwọn tó kọ̀ ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́ọ̀dù tiwọn nìkan ló tàn yẹ̀ẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n, àwọn tó gbà ló kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ yàrá ohùn àwọn Sòmálì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni lòun sọ, ìyàwó ní rárá ni tòun.

"Bí Àbá Kẹsàn-án yìí bá wọlé," ni Mọrádékẹ́ bèèrè, bí ẹni tí kò mọ̀, "kí ni yóò ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Ìsinmi ni fún yín! Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dìbò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ á wá máa dìbò fún un lọ, bó ṣe máa ń dì í. Kò tún ní wá tò mọ́."

"Bó bá yí ọkàn padà ńkọ́?"

"Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn padà, Màmá."

"Bó bá kú ńkọ́?"

Hálfọsìn rẹ́rìn-ín. "Títí ìdílé rẹ̀ á fi rántí wá sọ fún wa."

Màmá kò bá a rín. "Ta ló kó ohùn mi wá fún yín?"

"Ìgbìmọ̀ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá fúnra yín ni. Ó ti dé ká tó ṣí ibí yìí. Àwa ò lè fọwọ́ kàn án, ẹ mọ̀." Ó fi ọwọ́ tẹ ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ díẹ̀. "Ṣé nǹkan kan wà ni?"

"Rárá o," ni màmá dáhùn. Ta ló lè fọkàn tán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ikú?

Ó padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá ohùn. Ilẹ̀kùn náà kò kan ilẹ̀, èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni àlàfo yìí ti wà níwájú rẹ̀, tí òun sì ń wo ojú àwọn èèyàn dípò ẹsẹ̀ wọn. Ìyá kan wọlé, ẹni tó ń ta aṣọ òtútù lójú pópó àárín ìlú. Kò pẹ́, eékún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ó pẹ́ lórí eékún. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e, olùkọ́ ìṣirò ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn lábẹ́ ilẹ̀kùn bíi ti ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Kọ́bẹ́ẹ̀tì, tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ìdáná àti ti àdúrà lọ, òun náà kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni ojú wọn ń dán, wọ́n ń wo màmá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan dáadáa fún, wọ́n ń retí kó mi orí sí wọn.

 Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹnì kan ti rán ohùn rẹ̀ níṣẹ́ tí òun kò mọ̀, ohùn náà sì ń jíṣẹ́ dáadáa.

Ta ni? Ó fura sí Hálfọsìn. Ó fura sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mọ̀ pé àwọn ni Àbá Kẹsàn-án máa sọ di alágbára jù lọ. Ó fura sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, nítorí kò fìgbà kan fẹ́ràn rẹ̀. Ó fura sí gbogbo ayé, kìkì kó má baà fura sí ẹnì kan. Orókún Adékọ̀yà ṣáà ń padà wá sọ́kàn rẹ̀, ó ń lé e lọ, ó ń padà wá.

Gbádébọ̀ dé nígbà tí oòrùn oṣù kẹfà ṣì wà lókè, tí àkókò ìdìbò sì fẹ́ tán. Àwọn èèyàn gbé orúkọ rẹ̀ kọrin láti ìta wọlé. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn oníkámẹ́rà tó lè sọ pé àwọn kò rí i.

"Màmá mi. Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti rẹ̀ yín."

"Dìde. Ó rẹ̀ mí o."

"Ó ku ẹ̀yin nìkan. Ẹ wọlé, ẹ dìbò, ẹ jẹ́rìí sí ohùn yín, ẹ jẹ́ ká relé lọ jẹun. Gbogbo ìpínlẹ̀ ń dúró de wọ́ọ̀dù wa. Ẹ gbọ́ mi? Gbogbo ìpínlẹ̀."

"Mo gbọ́. Lórí tìẹ ni, àbí lórí Àbá Kẹsàn-án?"

Ojú rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ìyá ló ń wò ó. "Lórí méjèèjì," ló wí.

Òfin ní ẹni tó ni ohùn ni yóò dìbò kẹ́yìn. Màmá Mọrádékẹ́ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Yàrá náà mọ́ tónítóní, ó ń rùn bí ọkọ̀ tuntun. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ ju àga kan àti ojú ẹ̀rọ kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ omi. Ó dúró. Ó ti pinnu pé òun kò ní jókòó.

"Àṣàkẹ́," ni ohùn náà wí.

Kì í ṣe ohùn ara rẹ̀ ni màmá gbọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìkirè láti ìgbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Kò mọ̀ pé ohùn òun ti dà bíi tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, eékún rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ní láti di àga mú.

"Àṣàkẹ́, o kú àárẹ̀ o. O ti jókòó láti àárọ̀. Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, mà," ni Mọrádékẹ́ dáhùn, ojú sì tì í pé òun dáhùn.

Ohùn náà ka orúkọ àwọn tó ń díje. Ó ka àwọn yòókù bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Nígbà tó dé orí Gbádébọ̀, ó fà á díẹ̀, ó rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń pe ọmọ wọlé nínú òjò. Bẹ́ẹ̀ ni màmá fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é lóòótọ́. Kò sí ibòmíràn tó ti pè é bẹ́ẹ̀ rí àfi lórí fóònù ilé.

Ó dé orí Àbá Kẹsàn-án. "Ṣé o gbà á, Àṣàkẹ́?"

"Rárá."

Ẹ̀rọ náà kò bínú. "O ṣé tó o sọ tọkàn ẹ fún mi. Jẹ́ kí n tún un là yé ọ." Ó tún un là. Ìsinmi ni, ó ní. Ìrọ̀rùn ni. Àwọn àgbà ò ní tò mọ́. "Ṣé o gbà á?"

"Mo ní rárá."

Ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí nǹkan dùn. Ohùn náà wá rẹlẹ̀. "Gbà á nítorí tèmi, ọmọ mi. Ọjọ́ mélòó ló kù fún mi tí màá fi máa bẹ̀ ọ́?"

Màmá Mọrádékẹ́ kúnlẹ̀ pátápátá nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọ̀wọ̀.  Ẹnì kan ṣoṣo ni òun ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún rí láyé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí Gbádébọ̀ kọ̀ tí kò jẹun, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní ìlú tó ti ń kàwé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lòun ń pè é, tóun ń bẹ̀ ẹ́ báyẹn pé kó fi nǹkan kan ẹnu. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọmọ yẹn náà ló sì gbé e lọ fún ẹ̀rọ láti máa fi bẹ aláṣọ òtútù àti olùkọ́ ìṣirò. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

"Rárá," ló wí, ó ń sunkún. "Rárá, rárá."

Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó gbà fún un. Nígbà tó gbà, ó ní, "Ó dáa, Àṣàkẹ́," pẹ̀lú irú ìbànújẹ́ tó lè mú kí èèyàn padà wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó jáde, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ àwọn èrò. Òun, Hálfọsìn, ọmọ rẹ̀ àti ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn ńlá náà. Lórí pátákó, gbogbo iná ìpínlẹ̀ ti dúró gbọnin. Àwọn tó gbà àti àwọn tó kọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tiwọn nìkan ló ń ṣẹ́jú.

Màmá yọ ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Hálfọsìn pé kó yọ tirẹ̀ náà. "Ọ̀rọ̀ ìyá sọ́mọ ni," ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Hálfọsìn wò wọ́n, ó yọ ọ́, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Gbádébọ̀. Fóònù mi lo fún wọn."

Kò sẹ́ ẹ. Ó jẹ́ nǹkan kan tí ìyá rẹ̀ máa rántí nípa rẹ̀ títí, pé kò sẹ́ ẹ. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi, Màmá. Ohun tẹ́ ẹ kà fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ gbẹ bí pákó. Wọ́n ní àwọn nílò bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an, ká lè kí àwọn àgbà dáadáa. Àwọn àgbà ló bèèrè fún un! Mo kó ọ̀rọ̀ tá a ti jọ sọ lórí fóònù lé wọn lọ́wọ́, àti oríkì àwọn èèyàn wa. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa fi bẹ̀bẹ̀."

"Nígbà wo lo wá mọ̀?"

Ó ń fọwọ́ na kóòtù rẹ̀.

"Nígbà wo lo mọ̀, Àyìnlá?"

"Oṣù tó kọjá." Ó gbé ojú sókè. "Wọ́n ní bí Àbá Kẹsàn-án bá wọlé, àwọn á wà lẹ́yìn mi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ rò ó wò, mà. Ọmọ Yorùbá kankan ò tíì jókòó níbẹ̀ láti ìlú yìí rí. Kí ni Àbá kan jẹ́ sí ìyẹn? Bí mo bá débẹ̀, màá yí i padà."

"Ta lá jẹ́ kó o yí i padà? Ẹ̀rọ á ti máa dìbò fún gbogbo wọn. Àwọn tó kúnlẹ̀ lónìí, inú ìkúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n máa wà títí ayé. Kódà bí wọ́n bá kú."

Hálfọsìn wúkọ́. Ó ti dìde, ó sì ti fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà sétí, màmá náà sì fi tirẹ̀ padà. "Ẹ jọ̀ọ́. Àkókò ti tó. Ẹni tó ni ohùn, ṣé ohun tí ẹ rán ohùn yín ni ohùn yín sọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Kò sí ẹ̀kẹta nínú òfin náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Gbádébọ̀ wọlé, Àbá náà sì wọlé. Bó bá jẹ́ rárá, ìbò wọ́ọ̀dù di òfo, wọn yóò sì tún un dì níwájú ohùn àjèjì. Ẹni tó bá sì rán ohùn ẹlòmíràn níṣẹ́ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni, kò sí ìtanràn. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní òfin yẹn.

Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀. Kò sí kámẹ́rà mọ́. Iwájú orí rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì, kóòtù funfun rẹ̀ sì tẹ́ kálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ṣìwà hù. Ọmọ ẹni kì í burú burú, ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Òótọ́ ni. A kì í fi í fún un. Mọrádékẹ́ wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀, níbi tí irun ti ń fà sẹ́yìn bíi ti bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ fún un kò dín, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Ká ní ó dín ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ó mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí náà ló ti ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn nínú yàrá yẹn láti àárọ̀. Ẹni tí o fẹ́ràn ló ń bẹ̀ ọ́, ẹnu rẹ kò sì mọ bí a ti ń kọ̀.

"Dìde," ló wí. Nígbà tí ọmọ náà kò dìde, ó kọjú sí Hálfọsìn. "Rárá. Kì í ṣe ohun tí mo rán an ló sọ."

Iná wọ́ọ̀dù wọn kú lórí pátákó. Ọlọ́pàá náà rìn wá, ó ran Gbádébọ̀ lọ́wọ́ láti dìde, ó sì gbọn eruku kúrò lára kóòtù rẹ̀ bí ẹni tó ṣàánú rẹ̀.

"Ẹ ti pa mí, Màmá," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́.

Màmá kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, orin ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n rí Gbádébọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, orin náà sì kú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Màmá Mọrádékẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀, láìfi nǹkankan pamọ́: ohùn òun, fóònù òun, ọmọ òun. Ó ní ìbò wọn ti di òfo, ó ní òun lòun sọ ọ́ di òfo. Ó ní wọn yóò tún un dì.

"Mo mọ̀ pé ó dùn yín," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

 Adékọ̀yà bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì wá síwájú.

"Rárá, mà," ló wí.

Gbogbo èèyàn yíjú sí i.

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rárá. Mi ò gbà. Ọmọ wa ti wọlé. Ẹ ò lè fi ẹnu kan ṣoṣo gba ìbò lẹ́nu gbogbo wa. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi wá kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀?"

"Rárá o, mà!" ni aláṣọ òtútù náà ké láti ẹ̀yìn, orí ìdúró ló ti sọ ọ́, kò kúnlẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ní òun náà kò gbà. Rárá bo rárá mọ́lẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ sí i lójú korokoro, ọ̀rọ̀ tó ń dun àgbà, ọ̀rọ̀ tó sì gba ojú rẹ̀ bí omi tútù. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn lóòótọ́, bí inú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọhùn.

"Ó dáa," ló wí fún wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́."

Ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì yà fún un láìkí i. Ọkọ̀ ọlọ́pàá wà létí ọ̀nà, Gbádébọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ó gbé orí lé fèrèsé. Ọlọ́pàá náà ní kò sídìí fún màmá láti tẹ̀ lé wọn, pé wọ́n á pè é láàárọ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Sún," ló wí fún ọmọ rẹ̀.

Gbádébọ̀ kò wò ó, ṣùgbọ́n ó sún.